Ẹṣin Kì í Ṣe Aṣọ Ẹbí

Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ gbólóhùn yìí. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìrùkẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọba wa ń mú lọ́wọ́, ìrù ẹṣin ni. Àlejò tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí yóò rò pé láti Ọ̀yọ́ títí dé etí òkun, kò sí agbo-ilé kan tí a kò so ẹṣin mọ́lẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kí àlejò náà gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ìtòkín, kí ó yà sí Ìmọ̀ta, ìlú Ránódù, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà ibẹ̀ pé ẹṣin mélòó ni àwọn baba wọn sìn. Bóyá ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Igbó àti omi ni ó yí agbègbè náà ká. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba ń gùn lọ sí ọjà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rin ọ̀nà oko. Gàrí ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Gàárì jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń dì.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn ònkàwé wa sọ lónìí dá lórí ẹṣin gígùn, èyí tí ń di àṣà láàrin àwọn ọ̀dọ́ àti ọlọ́lá Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. A sì gbà pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹṣin fi jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ yìí, kò lè mọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀.

Ìdí náà kò ju eṣinṣin kan lọ. Tsetse ni gbogbo ayé ń pè é. Ó tóbi ju eṣinṣin ilé lọ díẹ̀, òjìji igbó àti etí odò ni ó fẹ́ràn, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu. Ní 1895, ní ilẹ̀ Zulu ní gúúsù Áfíríkà, David Bruce, dókítà ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò tíntìntín kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran tí àrùn kan ń pa níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sì fi hàn pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé kòkòrò náà láti ara ẹran kan dé ara òmíràn. Ẹṣin wà lára àwọn ẹran ọ̀sìn tí àrùn yìí tètè ń ṣẹ́gun. Ibà a kọ́kọ́ mú un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa gbẹ, ara rẹ̀ a máa joro bí ó tilẹ̀ ń jẹun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, títí yóò fi dùbúlẹ̀ tí kò sì ní dìde mọ́. Màlúù kúkúrú tí kò ní iké, èyí tí a ń sìn ní ilẹ̀ igbó láti ayébáyé, a máa fara da àrùn náà. Ẹṣin tí a fà láti ilẹ̀ gbígbẹ ti òkè ọya wá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Eṣinṣin yìí ti pa ààlà sínú ìtàn wa. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ilẹ̀ pápá, ó sì súnmọ́ àwọn tí ń ta ẹṣin. Nítorí náà ni àwọn Aláàfin fi rí ẹṣin rà, tí ẹṣin náà sì rí ibi gbé. Àwọn onítàn a máa ka kíkó ẹgbẹ́ agẹṣinjagun jọ mọ́ ìgbà Aláàfin Ọ̀rọ̀ńpọ̀tọ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ní 1726, àwọn agẹṣinjagun Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dàhómì, nítorí pé ní ìhà ọ̀hún igbó yẹra, pápá sì já dé ìtòsí òkun. Ẹṣin di ohun tí ó wọ inú oyè lọ. Ẹni tí ó bá ti wo eré Ọba Wàjà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe, tàbí tí ó ti ka ìwé tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975 lórí ìtàn kan náà, mọ oyè Olókùn-Ẹṣin àti ohun tí a retí pé kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ṣe nígbà tí Aláàfin bá wàjà.

Ìhà tiwa yàtọ̀. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin tí ó kún fún ẹlẹ́ṣin sọ̀kalẹ̀ wá dó ti Òṣogbo. Àwọn ará Ìbàdàn fọ́ wọn yángá, wọn kò sì rí ọ̀nà gbà wọ gúúsù mọ́ láti ìgbà náà. Akíkanjú ni àwọn ará Ìbàdàn, a kò ní gba ògo wọn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n igbó àti eṣinṣin bá wọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Wàyí o, ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ni ènìyàn fi ń ṣe ọlá. Ní ilẹ̀ tí ẹṣin kì í ti í pẹ́ kí ó tó kú, ẹni tí ó bá rà á, tí ó kú, tí ó sì tún ra òmíràn, ti fi han ayé pé ọwọ́ òun tó nǹkan. Bí ẹṣin ṣe di ohun ẹ̀yẹ àwọn Balógun ní Ìjẹ̀bú nìyẹn. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ pápá, tí wọn kò sì lè fi ẹṣin ja ogun nínú igbó kìjikìji, ni wọ́n wá fi ẹṣin gígùn ṣe ayẹyẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tí ó wà nínú pápá lọ. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu bí ènìyàn bá rò ó dáadáa.

Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni Ojúde Ọba ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí ìlú ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó fún wọn ní àyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Orúkọ Balógun Kúkù kò sì ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn náà. Lónìí, àti Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, èyíinì ni ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́-orí wọn súnmọ́ ara wọn, a kọjá nínú aṣọ tí wọ́n jọ dá. Àwọn ìdílé Balógun, Kúkù, Ọ̀dúnúgà, Aláùsá àti àwọn yòókù, a gun ẹṣin wá júbà pẹ̀lú ìlù, fèrè àti ìró ìbọn. Ní ìgbà Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ayẹyẹ náà kúrò ní ti ìlú kan ṣoṣo. Nígbà tí ó sì di 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ gba ojú fóònù káàkiri ayé, débi pé àwọn tí kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú-Òde wà ń bèèrè ẹni tí ó rán agbádá tí wọ́n wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Nínú àwọn ìdílé tí a dárúkọ yìí, ọmọ ń bá bàbá gun ẹṣin láti kékeré; ẹṣin gígùn jẹ́ ohun ìní ìdílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí àwòrán nìkan kò rí ìgbẹ́ ẹṣin tí a kó ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ó rí agbádá, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, ó rí dígí dúdú lójú ọ̀gá. Ó sì rò pé ẹṣin jẹ́ ọ̀kan lára aṣọ ọjọ́ náà, tí a lè háyà ní òwúrọ̀ kí a sì dá padà ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni a fi ń rí i báyìí ní òde ìgbéyàwó, òde ìsìnkú àti òde ìwúyè, pé a óò fa ẹṣin rírù kan jáde láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, a óò da aṣọ aláràbarà bò ó, a óò gbé ọlọ́jọ́ òde lé e, àwọn alákàn-án-gbá yóò sì yí i ká láti máa lu ìlù sí i létí. Kò sí ẹni tí ń bèèrè bóyá ó ti mu omi.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹṣin ilẹ̀ wa kì í tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju kílò 300 sí 350 lọ. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà gbà pé kí gbogbo ohun tí ẹṣin gbé sẹ́yìn, ènìyàn, gàárì àti aṣọ lápapọ̀, má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún 350 jẹ́ 70. Ẹ wá wo ọ̀gá kan tí òun nìkan wọn kílò 110, tí a kò tíì ka agbádá àti gàárì mọ́ ọn. A kò bá a wí nítorí ara tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Mọ́tò wà, kí ó gùn ún.

Ẹ̀kọ́ ẹṣin kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹran yìí kò ní ìwo, kò sì ní èékánná. Sísá ni ó fi ń gba ara rẹ̀ là láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ta lé e lẹ́yìn lójijì, ẹranko búburú ni lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó sì ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ àfi ọ̀gangan ẹ̀yìn àti ọ̀gangan imú; ẹni tí ó bá yọ́ wá láti ẹ̀yìn láìfọhùn, tí ẹṣin sì ta á ní ìpá, kí ó má bínú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ẹṣin a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó mọ ohùn òun àti ọwọ́ òun. A máa fọwọ́ pa á lára, a máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láti yọ ẹrẹ̀ inú pátákò rẹ̀, títí tí kò fi ní gbọ̀n mọ́. Lẹ́yìn náà ni okùn orí, lẹ́yìn okùn orí ni rírìn yípo lórí okùn gígùn, níbi tí ẹṣin ti ń kọ́ láti rìn, láti sáré díẹ̀ àti láti dúró nípa ohùn nìkan. Aṣọ fífúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀, kí gàárì tó dé, a ó sì jẹ́ kí ó máa gbé gàárì lásán kiri fún ọjọ́ púpọ̀ kí ènìyàn tó gùn ún. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gùn ún náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kí ó sì ní sùúrù. Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin ní ọjọ́ kìíní tí a gùn ún, yóò ṣòro kí ó tó gbàgbé.

A ní láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìjánu. Irin ni, inú ẹnu ni ó sì ń wà, lórí ẹran tútù tí kò ní eyín. Ẹlẹ́ṣin tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi ìjókòó àti itan rẹ̀ darí ẹṣin. Ìjánu kàn ń rán ẹṣin létí ni. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ a dì í mú bí ẹni ń fa igbá omi nínú kànga. Àwọn òǹwòran a máa pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè tí ìfófó sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà mìíràn, ijó tí a kọ́ ọ ni. Nígbà mìíràn, irin ni ó ń ya á lẹ́nu, kò sì mọ ibòmíràn tí yóò sá sí ju òkè lọ. Kí òǹwòran wo etí rẹ̀: bí etí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ orí sẹ́yìn, tí ìrù sì ń jù fìrìfìrì, ẹṣin náà kò sí nínú ayẹyẹ.

Bákan náà ni ti ìlù àti ìbọn. A kì í mú ẹṣin láti inú ìdákẹ́rọ́rọ́ lọ sí àárín ìbọn. Láti òkèèrè ni a ti í bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó bá ń jẹun, kí ìró ìlù máa súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, tí ó wá gun irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ láàrin ọmọdé àti arúgbó, ẹ̀mí ènìyàn ni ó fi ń ṣeré. Ẹni tí ó sì ń kọ́ gígùn lọ́wọ́, akoto ni kí ó dé; kí abetí-ajá dúró di ọjọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n gùn.

Kí a wá padà sí Ìmọ̀ta. Ṣé ẹṣin lè gbé níbẹ̀ lónìí? A rò pé ó lè gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe láìsí làálàá. A ti gé púpọ̀ nínú igbó tí eṣinṣin náà ń sá pamọ́ sí, ilé sì ti kún ọ̀nà láti Ìkòròdú lọ. Abẹ́rẹ́ wà fún àrùn náà, bí a bá tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kan sì wà ní Kàdúná tí a dá sílẹ̀ nítorí àrùn yìí. Ewu tí kò lọ ni ti omi. Ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọ̀sà a máa rin ní ìgbà òjò, ẹṣin tí ó bá sì ń dúró nínú ẹrẹ̀ tọ̀sán-tòru, pátákò rẹ̀ a máa jẹrà láti abẹ́, a sì máa rùn. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi gíga tí ó gbẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kò sì gbọdọ̀ kọjá kí a tó gé pátákò rẹ̀ bọ́ sípò.

Oúnjẹ ńkọ́? Ní ojúmọ́ kan, ẹṣin lè mu omi lítà 30 sí 40, ní ìgbà ooru ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpòlúkù rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹun, koríko sì ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Kò lè bì. Ohun tí ó bá jẹ tí kò bá a lára mu, inú rẹ̀ ni yóò wà, inú rírun a sì máa pa ẹṣin láàrin ọjọ́ kan. Àwọn kan yóò sọ pé Ìmọ̀ta kò ní àìní oúnjẹ ẹran, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ibẹ̀ ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé-iṣẹ́ ìrẹsì sí, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 2023, tí a sì ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ láti lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Òtítọ́ ni pé ibi tí a bá ti ń lọ ìrẹsì, èèpo àti eèrí kì í wọ́n. Èèpo líle náà ṣeé tẹ́ sílẹ̀ fún ẹṣin láti dùbúlẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kí olówó ẹṣin ṣọ́ra fún eèrí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, àwọn ẹṣin tí àwọn ọlọ́lọ-ọkà ń fi eèrí nìkan bọ́ a máa ní àrùn tí egungun orí wọn fi ń wú tí ó sì ń rọ̀. Àrùn ẹṣin ọlọ́lọ-ọkà ni wọ́n sì ń pè é. Ohun tí ń fa àrùn náà ni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú eèrí pọ̀ púpọ̀, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kéré, ara ẹṣin a wá máa yá kálísíọ́ọ̀mù láti inú egungun ara rẹ̀. Díẹ̀ nínú eèrí tútù, pẹ̀lú koríko púpọ̀ àti ohun tí ó ní kálísíọ́ọ̀mù, kò burú. Eèrí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ a máa kan, kò sì dára fún un.

Èkó kì í ṣe àjèjì sí eré ẹṣin. Ẹgbẹ́ tí ń gbá pólò níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ó sì wà títí di òní ní Ìkòyí. Pápá eré ìje ẹṣin wà ní Oníkàn, orí pápá náà ni a ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960. Nígbà tí ó di 1972 a sọ ọ́ di Gbàgede Tafawa Balewa, ère ẹṣin funfun mẹ́rin sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó dùn wá pé láàrin gbogbo ọdún tí ẹṣin fi sáré níbẹ̀, òǹwòran àti atatẹ́tẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹṣin, a fi í sílẹ̀ fún àwọn ará òkè ọya.

Àwọn yẹn ni ọ̀gá iṣẹ́ náà títí di òní. Ní 2024, àjọ UNESCO kọ ayẹyẹ ẹṣin Kánò sínú ìwé àwọn ohun ìní àṣà gbogbo ayé. Olùtọ́jú ẹṣin tí ó ti ibẹ̀ wá, tí a ń rí lẹ́bàá ẹṣin ní etíkun Ẹlẹ́gúṣì tàbí ní òde ìnáwó, tí a sì ń jágbe mọ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ni ẹni tí ó mọ̀ nípa wíwo eyín bí ọdún ẹṣin ti pọ̀ tó, tí ó sì ti ara ìrìn rẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Bí ó bá sọ fún ọlọ́jọ́ òde pé ẹṣin òun ti rẹ̀, owó tí a san kò yẹ kí ó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìmọ̀ta àti Agbówá tí ẹ fẹ́ mọ ẹṣin gùn, ọ̀dọ̀ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lọ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ máa pọnmi, kí ẹ máa gbálẹ̀, kí ẹ sì sanwó ẹ̀kọ́ fún un.

Àwọn kan ti ń sọ pé kí ìjọba fi òfin de ẹṣin háyà. A kò fara mọ́ ọn. Òfin bẹ́ẹ̀ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu olùtọ́jú ẹṣin, olówó yóò sì ra ẹṣin tirẹ̀ láìmọ ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni kí ìjọba ìbílẹ̀ béèrè ìwé dókítà ẹranko lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ẹṣin háyà, kí ó sì fi ìwọ̀n wákàtí sí iye tí ẹṣin kan lè ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú níbí, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mélòó kan lórí ìtọ́jú ẹṣin kò ní ṣòro fún un, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko kò sì jìnnà tí a kò fi lè ráńṣẹ́ pè wọ́n.

Ní ti àwọn tí kò fẹ́ háyà, tí wọ́n ń gbèrò láti fi ọmọ ẹṣin tí a bí sí ọwọ́ wọn jáde, kí wọ́n mọ̀ pé oṣù 11 ni abo ẹṣin fi ń gbé oyún, àti pé ọmọ tí ó bá bí kò yẹ kí ó gba gàárì kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dúró di ọdún mẹ́rin. Kí wọ́n ka Ìléyá márùn-ún sí iwájú, kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin koríko.